Golf 3 tí ọ̀pá gíà rẹ̀ ń jó: ẹ má tíì ra gíábọ́ọ̀sì

Òǹkàwé kan kọ̀wé láti Abẹ́òkúta pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Golf 3 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8, ọkọ̀ ọdún 1995, mánúà onígíà márùn-ún. Ọ̀pá gíà rẹ̀ ti di jẹ́gẹjẹ̀gẹ. Bó bá wà ní fírì, tí kò sí nínú gíà kankan, mo lè máa yí i ká bí ẹni ń ro àmàlà. Mo ń wá gíà kejì, ìkẹrin ni mo ń bá. Rìfáàsì kì í wọlé àfi tí mo bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹkáníìkì mi ní gíábọ́ọ̀sì ti lọ, kí n lọ ra tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn fi ọ̀pá gíà kúkúrú sí i, pé á le padà. Èwo ni kí n ṣe? Mo sì ń lọ sí Ìlọrin lópin oṣù yìí, ṣé mo lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ má tíì ra gíábọ́ọ̀sì. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kò sí èyí tó dá gíábọ́ọ̀sì lẹ́bi. Ẹ ò sọ pé ó ń ké bí gíà ṣe ń wọlé, ẹ ò sọ pé gíà ń fò jáde lórí eré, ẹ ò sì sọ pé ó ń kùn. Ohun tí ẹ sọ ni pé ọ̀pá ń jó, ẹ kì í mọ ibi tí ẹ wà, ìkẹrin sì ń gba ipò ìkejì. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ń rán kì í dé gíábọ́ọ̀sì bó ṣe yẹ. Irin, búṣì (òrùka ike tàbí rọ́bà tó máa ń wà láàárín irin méjì) àti ike ló wà lójú ọ̀nà náà, ike tó sì ti lò ju ogún ọdún lọ lẹ́bàá sàlẹ́ńsà gbígbóná, ẹ ò lè retí pé kó ṣì ṣe déédéé. Bí ẹ bá ra gíábọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ tí wọ́n sì fi àwọn irin àtijọ́ yẹn so ó, ọ̀pá yín á máa jó lọ bó ṣe ń jó tẹ́lẹ̀, owó á sì ti lọ.

Àwọn mẹkáníìkì wa a máa da àìsàn mẹ́rin pọ̀ sínú gbólóhùn kan, wọn á ní "gíà ò dáa". Ọ̀tọ̀ ni ọ̀pá tó ń jó, ọ̀tọ̀ ni gíà tó ń ké bó ṣe ń wọlé, ọ̀tọ̀ ni èyí tó wọlé tán tó tún fò jáde, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tó kọ̀ tí kò fẹ́ wọlé rárá. Ohun tí ẹ máa fi yà wọ́n kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ gba gbogbo gíà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹ tún un dán wò, torí eyín inú lè dojú kọ ara wọn. Bí gbogbo wọn bá ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kì í já tán. Bó bá ṣòro nígbà méjèèjì, tí ọwọ́ yín sì ń wá ọ̀nà káàkiri, irin àti búṣì ìta ni. Pẹ̀lú ohun tí ẹ ṣàlàyé, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fọkàn sí jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò kí ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà náà láti òkè. Ọ̀pá tí ẹ ń dì mú ní bọ́ọ̀lù kan nídìí, lábẹ́ awọ tó wà láàárín àga méjèèjì. Inú ago ike ni bọ́ọ̀lù yìí ti ń yí. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà so mọ́ irin gígùn kan tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú, lókè sàlẹ́ńsà. Iṣẹ́ méjì ni irin gígùn yìí ń ṣe. Bí ẹ bá ti ọ̀pá sọ́tùn-ún tàbí sósì, irin náà á yí, yíyí yìí ló ń yan ìlà: ìlà gíà kìíní àti ìkejì, ìlà ìkẹta àti ìkẹrin, tàbí ti ìkarùn-ún. Bí ẹ bá tì í síwájú tàbí sẹ́yìn, á lọ á bọ̀, ìyẹn ló ń ti gíà wọlé. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráàkì sítíárìn, irin gígùn yìí bá irin mìíràn tó ní búṣì tirẹ̀ pàdé, ibẹ̀ ni àwọn irin kéékèèké ti gba iṣẹ́ náà tí wọ́n sì gbé e dé apá gíà tó yọ síta lára gíábọ́ọ̀sì. Ike ni ẹnu àwọn irin kéékèèké yẹn, orí bọ́ọ̀lù irin ni wọ́n há sí. Bí gíábọ́ọ̀sì tí Volkswagen ń pè ní 020 ṣe rí nìyẹn, òun ló sì wà nínú Golf 3 onípẹtiróòlù bíi tiyín àti ọ̀pọ̀ Golf 2. Àwọn Golf 3 tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ VR6, TDI tàbí 16V yàtọ̀, kébù ni tiwọn ń lò dípò irin, ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ kò kàn wọ́n.

Oríkèé bíi márùn-ún sí mẹ́fà ló wà lójú ọ̀nà yìí, kò sì sí èyí tó ń jẹ dá nìkan. Ìkan á fi ìwọ̀n díẹ̀ jẹ, èkejì á fi díẹ̀ jẹ, gbogbo rẹ̀ á sì ro ara pọ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé ọ̀pá tó wà lókè bọ́ọ̀lù gùn ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, torí náà mílímítà 1 tó ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ lè di 3 tàbí 4 lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó pààrọ̀ búṣì kan ṣoṣo ṣe máa ń ní òun ò rí ìyàtọ̀. Òun náà ló sì ṣàlàyé ìkẹrin tó ń gba ipò ìkejì: sípíríǹgì kan wà nínú gíábọ́ọ̀sì tó ń fa gíà padà sí ìlà ìkẹta àti ìkẹrin nígbàkígbà tó bá wà ní fírì. Ẹ ti ọ̀pá sósì, àwọn búṣì tó ti jẹ gbé yíyí yẹn mì, irin inú kò kúrò níbi tí sípíríǹgì dá a dúró sí. Ẹ wá fa ọ̀pá sẹ́yìn, ìkẹrin ló máa bọ́ sí.

Ẹni méjì ló ń wá ibi tó jẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi igi tàbí òkúta dí táyà. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á máa mi ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún sósì, lẹ́yìn náà síwá sẹ́yìn, láìjẹ́ kí gíà wọlé. Ẹnì kejì á tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, á máa gbé ìka lé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Níbi tó ṣì dáa, irin méjèèjì á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tó ti jẹ, ọ̀kan á kọ́kọ́ lọ, ẹ ó gbọ́ "kọ́", kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Búṣì ẹ̀gbẹ́ ráàkì sítíárìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹnu ike àwọn irin kéékèèké. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó rí wọn, jáàkì nìkan kò sì tó fún ìyẹn. Ẹ gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin tàbí kí ẹ lọ síbi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò.

Ẹ ra gbogbo ike àti búṣì náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n máa ń tà wọ́n pọ̀ nínú ọ̀rá kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì bá Golf 2 àti Golf 3 mu. Bí ẹ bá lọ sí Ládípọ̀ tàbí Àràrọ̀mí n'Íbàdàn, ẹ tú ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi èyí tuntun lé e lórí kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi èékánná tẹ ike rẹ̀: èyí tó bá rọ̀ bíi rọ́bà kò ní pẹ́. Irin gíà tòkúnbọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí, torí ọjọ́ orí tiyín àti tirẹ̀ kò jìnnà síra, àfi bí ẹ bá nílò irin fúnra rẹ̀. Ẹ ó sì lè nílò rẹ̀ o, torí bí bọ́ọ̀lù irin bá ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò rí roboto mọ́, ike tuntun tó bá gorí rẹ̀ á tún tètè jẹ. Ẹ nu gírísì kúrò kí ẹ fi ìka yí i ká. Ẹ ó mọ̀ bí ó bá ti tẹ́ níbì kan.

Bí ẹ ò bá rí ike rà, tọ́nà tó mọṣẹ́ lè gbẹ́ búṣì fún yín. Ẹ ní kó fi náílọ́ọ̀nù tàbí tẹ́fílọ́ọ̀nù ṣe é. Idẹ náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ló máa gbà wọlé sí ọwọ́ yín, bí gírísì bá sì tán, irin ọkọ̀ ni yóò máa jẹ. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà máa ń le fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á rọ̀, gíà á wá dà bí ohun tí a ń tì gba inú rọ́bà. Èyí tí mi ò gbà rárá ni kí wẹ́dà jó oríkèé náà pọ̀. Oríkèé tó yẹ kó máa yí, tí ẹ wá dì í pa, ibòmíràn ni agbára yẹn máa lọ fọ́, ó sì lè jẹ́ irin tó wọ inú gíábọ́ọ̀sì.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wá ibi tí bóòtì kan ti fún irin gígùn mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, spánà 13 ló sábà máa ń gbà á. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lórí irin méjèèjì níbẹ̀. Ìlà yẹn ni ẹ máa fi mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi sukudiráfà pẹlẹbẹ yọ ẹnu ike lára bọ́ọ̀lù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ irin, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ kẹrosíìnì náà kúrò kí ike tuntun tó dé ibẹ̀. Bí ike tuntun bá le jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi gírísì líthíọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi pílaásì ńlá fún un wọlé títí yóò fi dún "kọ́". Ẹ má fi òòlù lù ú. Òòlù máa ń la ike láìjẹ́ kí ojú rí i, lójú pópó ló sì máa ń já.

Àtúntò ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á pààrọ̀ búṣì tán, wọn ò ní tún ọ̀pá tò, oníbàárà á wá ní búṣì tuntun kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi gíábọ́ọ̀sì sí fírì. Ẹ tú bóòtì yẹn díẹ̀, kó kàn lè yí. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á di ọ̀pá mú ṣánṣán, níbi tí ìlà ìkẹta àti ìkẹrin wà, kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún á wá fún bóòtì náà. Ẹ dán gbogbo gíà wò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó kú. Lẹ́yìn náà ẹ fi sí gíà kìíní, ẹ ti ọ̀pá sósì títí yóò fi dúró, kí ẹ fi sílẹ̀: ó yẹ kó ta padà sọ́tùn-ún ní bíi mílímítà 5 sí 10. Bí kò bá ta padà rárá, tàbí tó ta ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, yíyí irin náà kò tíì pé.

Àṣìtò méjì ló wà, àmì wọn kò sì jọra. Bó bá jẹ́ pé yíyí rẹ̀ ni kò tọ́, ìlà kan á máa sá fún yín: kìíní àti ìkejì á wọlé wẹ́rẹ́, ìkarùn-ún á ṣòro, tàbí kó jẹ́ òdìkejì. Bó bá jẹ́ pé gígùn rẹ̀ ni kò tọ́, gíà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún á wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ìkejì àti ìkẹrin ò ní wọlé tán, tàbí kó jẹ́ òdìkejì. Ẹ má fojú kékeré wo irú kejì yìí. Gíà tí kò wọlé tán á máa fò jáde, fífò jáde yẹn á sì máa jẹ eyín inú, bí gíábọ́ọ̀sì tí kò ní àìsàn tẹ́lẹ̀ ṣe ń kú nìyẹn. Rìfáàsì ni kí ẹ dán wò kẹ́yìn: ó yẹ kó wọlé bí ẹ bá tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tì í sósì síwájú, kò sì gbọdọ̀ wọlé bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń wọlé láìtẹ̀ ẹ́, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde, torí ẹgbẹ́ gíà kìíní ló wà.

Bí gbogbo búṣì bá ti tuntun tí ọ̀pá ṣì ń rìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ iná tàbí tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì síìtì ni kí ẹ wò. Ara ọkọ̀ ni ìdí ọ̀pá gíà so mọ́, gíábọ́ọ̀sì sì so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí rọ́bà síìtì iwájú bá ti ya, ẹ́ńjìnnì á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn, á sì máa fa irin gíà lọ́wọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí awakọ̀ fa búréèkì ọwọ́, kó gbé kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ ní gíà kìíní, lẹ́yìn náà ní rìfáàsì. Kí ẹni tó ń wò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú. Ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n díẹ̀ lóòótọ́. Bó bá fò sókè, síìtì ti lọ.

Kílọ́ọ̀ṣì àti ọ́ìlì kò ní pẹ́ wa. Bí kébù kílọ́ọ̀ṣì yín bá jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ tò, ó yẹ kí pẹ́dà ní àyè bíi mílímítà 15 sí 25 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Gíábọ́ọ̀sì onígíà márùn-ún yìí ń gba ọ́ìlì lítà 2, GL-4, SAE 80 tàbí 75W-90. Bóòtì ọ́ìlì rẹ̀ kò gba spánà lásán, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà 17 ló ń ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ti òkè tí a fi ń rọ ọ́ sí kí ẹ tó ṣí ti ìsàlẹ̀, torí bí ẹ bá ti da ọ́ìlì nù tí ti òkè wá kọ̀, ọkọ̀ ò ní lè kúrò níbẹ̀. Ọ́ìlì tuntun máa ń jẹ́ kí gíà wọlé rọrùn, kì í mú kí ọ̀pá tó ń jó le.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín lórí ọ̀pá kúkúrú: ohun tí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń dín ìrìn ọwọ́ kù, nípa yíyí ibi tí bọ́ọ̀lù wà padà. Kò yọ àyè tó wà ní oríkèé kan kúrò. Ìrìn dín kù, àyè ibi tó jẹ dúró síbẹ̀, ìyẹn ni pé àyè yẹn á wá gba ìdá tó pọ̀ jù nínú ìrìn tó kù. Wíwá gíà á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gíà á sì tún wúwo lọ́wọ́, torí náà ẹni tó bá ń fi agbára pa á á máa jẹ sínkírò inú, èyí tó ń mú kí gíà wọlé wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tí búṣì bá ti pé tí àtúntò sì ti tọ́, bó bá wù yín kí ẹ fi sí i, mi ò ní dá yín lẹ́kun. Fún ọkọ̀ tó ń rin Abẹ́òkúta sí Ìlọrin, èmi ò ní náwó sí i.

Ibi tí iṣẹ́ búṣì parí sí rèé. Ẹ yọ irin kéékèèké kúrò lára gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ fi ọwọ́ mi apá gíà náà fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú. Ó yẹ kó le, kó dáhùn ketekete ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń jó, tàbí bí gíà kejì ṣì ń ké pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tó ń já tán, tàbí gíà ń fò jáde lẹ́yìn tó ti wọlé tán, mẹkáníìkì yín lè ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ wo ọ́ìlì tí ẹ dà jáde pẹ̀lú. Ìyẹ̀fun idẹ díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá èérún irin níbẹ̀, ẹ dúró. Gíábọ́ọ̀sì 020 ní àìsàn kan táwọn tó ń tú u mọ̀ dáadáa: rífẹ́ẹ̀tì tó di gíà ńlá mú nínú dífíréńṣà (ibi tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) lè já, á sì lu ara gíábọ́ọ̀sì já sóde. Láti ibi tí mo wà, mi ò lè fojú rí ìyẹn fún yín. Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá tuntun, ẹ má retí pé kó le bíi ti ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí. Irin gígùn gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, díẹ̀ á ṣì máa mì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa wá ìkejì kí ẹ bá ìkẹrin.

Ní ti Ìlọrin, bí ẹ bá rí ẹnu ike kankan tó ti là tàbí tó ń yọ lára bọ́ọ̀lù rẹ̀ bí ẹ bá fi ìka fà á, ẹ má lọ kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá yọ lójú ọ̀nà, gíà tí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ lásìkò yẹn ni yóò máa wà, ọ̀pá á kàn máa fì lófo lọ́wọ́ yín. Bó bá ṣẹlẹ̀ láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, ẹ wá ibi tó tẹ́jú dúró sí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tẹ ike náà padà sórí bọ́ọ̀lù rẹ̀, kí ẹ fi okùn ike onídè so ó pọ̀. Bí kò bá dúró, ẹ fi ọwọ́ ti apá gíà ara gíábọ́ọ̀sì sí ìkejì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì máa fi gíà kan yẹn lọ jẹ́jẹ́ dé ibi tí mẹkáníìkì wà. Ẹ ò ní rìfáàsì o, nítorí náà ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ máa páàkì sí.